Ẹni Tó Ni Ojú Bràsílì

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ bọ́ Ojú yín kúrò lọ́rùn ná. Ẹ dà á dé, ẹ fi aṣọ bò ó. Tó bá jẹ́ Ojú ilẹ̀ wa ni ẹ ń lò, ẹ fi aṣọ méjì bò ó, torí pé ìyẹn ń gbọ́ràn ju bó ṣe ń ríran lọ. Ẹ má kà á sókè. Ẹ má sì jẹ́ kí ètè yín máa mì bí ẹ ti ń kà á. Mo mọ obìnrin kan tí ètè rẹ̀ ń mì nídìí irú ìwé báyìí. Títí di òní, géètì ọjà kò ṣí fún un mọ́. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lè ṣe bí mo ṣe wí, ẹ pa á dé. Mi ò ní bínú.

Ṣé ẹ ti bò ó? Ó dáa.

Wọ́n gbé Ojú Bràsílì ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sínú àwo funfun kan lórí tábìlì. Kò tóbi ju bọ́tìnnì kóòtù lọ. Okùn rẹ̀ tó pupa rúsúrúsú ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwo. Mo ń wò ó, mo sì ń ṣe bí ẹni pé mi ò wò ó. Ojú tèmi wà lọ́rùn mi, olókùn funfun, ti ilẹ̀ wa. Mo mọ̀ pé òun náà ń wò mí láti ìsàlẹ̀.

Ẹni tó jókòó sí òdìkejì tábìlì ni Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú, Amójútó àgbègbè wa. Ọmọdé ni, mo lè bí i. Ó kí mi dáadáa, ó tẹ̀ba kó tó jókòó, ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Láàárín àwa méjèèjì ni wọ́n gbé Agbọ́rọ̀ sí, àpótí pẹlẹbẹ kan tí gílóòbù wà lórí rẹ̀. Èèyàn lè sunkún níwájú Agbọ́rọ̀, kó ṣépè, kó gbàdúrà, gílóòbù yẹn á dúdú síbẹ̀. Orúkọ èèyàn nìkan ló ń gbọ́. Tí o bá ti dárúkọ, iná á tàn, ọ̀rọ̀ á sì parí.

"Mà á, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè yé yín," ni Amójútó wí. "Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ni Ojú yìí ló fipá mú yín kúnlẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ dárúkọ rẹ̀. A ó gba Ojú náà lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì gbé e kọ́ yín lọ́rùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kúnlẹ̀, tí ẹ fẹ́ yọjú wo Ojú tí kì í ṣe tiyín, ẹ dárúkọ ara yín. Tiyín la ó gbà."

Ẹ mọ ohun tí "gbà" túmọ̀ sí. Ẹni tí wọ́n bá gba Ojú lọ́rùn rẹ̀ ti di Àìrí nìyẹn. Géètì ọjà kì í rí i. Ti ọsíbítù kì í rí i. Bọ́ọ̀sì á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé òpó ni.

"Tí mi ò bá dárúkọ ẹnì kankan ńkọ́, ọmọ mi?"

Ó wo fèrèsé. "Ẹ rí oòrùn tó wà lójú fèrèsé yẹn? Tó bá kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, kálukú á mú tirẹ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n tiyín á fọ́jú fún ọdún kan. Géètì á máa ṣí fún yín o. Ìyẹn nìkan ni. Ẹ ò ní rí ẹnì kankan nínú rẹ̀, ẹnì kankan ò sì ní rí yín."

"Ṣebí ẹ mọ ẹni tó ni ín."

"A mọ̀ ọ́n, mà á. Wọ́n wà níta níbẹ̀ yẹn, lórí bẹ́ńṣì. Ẹnu yín ni òfin ní kó ti jáde."

Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ abẹ́ itan.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni àbúrò ọkọ mi obìnrin. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé wọn, ọmọ kékeré ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Mo wo ẹsẹ̀ yẹn, mo ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, orúkọ sì mọ́ ọn lára. Ní báyìí, tó bá fẹ́ wọ yàrá mi, ó ní láti fẹ̀gbẹ́ wọlé. Orúkọ náà ò yí padà. Mo ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Ó ń pè mí ní ìyàwó, ó ń rán mi níṣẹ́. Ọkọ mi ni, torí pé ó ti wà nílé kí n tó dé. Bàbá Ọmọ́ladùn tó fẹ́ mi gan-an ti kú, ìyẹn ò sì yí nǹkan kan padà. Lẹ́nu mi, "ẹ" ni mo ń sọ sí i. Nínú ìwé tí mò ń kọ yìí, mo ń kọ "ó". Ẹ má sọ fún un.

Jíjowú ni mò ń jowú rẹ̀. Mi ò lè pe nǹkan náà lórúkọ mìíràn. Ọjọ́ tí wọ́n pín Ojú nílùú wa, Ayépé Tuntun, ló ti bẹ̀rẹ̀. Òfin ti dé pé ẹnì kan, Ojú kan, àwòrán orílẹ̀-èdè kan. Wọ́n gbé àpò kan dúró ní iwájú gbọ̀ngàn, okùn oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀, kálukú á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ti tò dé iwájú. Èmi ló kàn. Ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá dé láti ibi tó ti pẹ́ sí, ó ní, "Ìyàwó, yẹ̀ fún mi." Mo yẹ̀ fún un. Kí ni ǹ bá ṣe? Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa okùn rúsúrúsú jáde, Bràsílì. Èmi tó tẹ̀lé e fa funfun.

Ọmọ́ladùn, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ti lọ sí Bàhíà kí Òfin tó dé. Ojú Bràsílì ni wọ́n fún un níbẹ̀. Ojú Bràsílì sì ni ó ń rí Ojú Bràsílì. Látìgbà tí wọ́n ti pa tẹlifóònù, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń rí ọmọ mi. Láràárọ̀. Mo ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì tó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí àná ṣe rí, kí ti òní tó yé yín.

Irun la jọ ń dì, ní fàráǹdà kan náà. Òwú ni mo mọ̀ jù, irun kíkó, èmi ni mo sì kọ́ ọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Iwájú mi ló máa ń gbé àpótí rẹ̀ sí, kó kọjú sí mi, Ojú rẹ̀ á máa wo ọwọ́ mi. Mo gbà pé iṣẹ́ ló ń jí wò, bí ẹni tó ti kọ́ ọ tán tí kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà mìíràn á kàn rẹ́rìn-ín lójijì, á ní, "Wọ́n mà ń pàtẹ́wọ́ o." Mi ò jẹ́ bi í pé kí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Orí tó ń dì lọ́wọ́ ni mo rò.

Àná, Sìdíkátù ló wà láàárín orúnkún mi. Oníbàárà wa ni, Ojú Kòríà ló ń lò. Kò sí ohun tó wù ú ju kó máa fi Ojú kan wé òmíràn lọ. Òfin ò ní ká má sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wíwò ni kò sí.

"Ti Ṣáínà ni kò ṣe é bá gbé," ó ní. "Òun ni ọkọ mi ní. Kó o tó gbé itọ́ mì, ó ti fi ọ̀bọ hàn ọ́, ó ti fi ìgbéyàwó hàn ọ́, ó ti fi ẹni tó ń dín ẹja hàn ọ́. Ọkùnrin yẹn ò lè jẹun tán mọ́. Á bu òkèlè, á gbàgbé ẹ̀ sọ́wọ́, á gbẹ síbẹ̀."

"Ti Íńdíà ńkọ́?" ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í.

"Ìyẹn kì í parí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìgbéyàwó kan lọ́dún tó kọjá. Mo bi í lóṣù tó kọjá, mo bi í ní ìjẹta, wọn ò tíì gbé ìyàwó délé ọkọ. Gbogbo ẹbí ṣì ń sunkún ní ẹnu ọ̀nà."

"Tìẹ náà wá dáa, ti Kòríà? Wọ́n ní ó ń fọ ojú èèyàn mọ́ débi pé ìyá tó bí i ò ní mọ̀ ọ́n."

"Ojú tó wù mí ló fún mi. Àwọn tó ń wò mí níbẹ̀ ò mọ̀ pé mo ní àpá, kí ló kàn ọ́?" Sìdíkátù fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lórúnkún. "Màmá Ọmọ́ladùn ò sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ti ilẹ̀ wa fún wa."

Mo fọwọ́ bo Ojú mi kí n tó dáhùn. "Ó dáa. Wọ́n á kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ẹ. Wọ́n á ṣe ìkéde. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kó o ní sùúrù."

"Tẹ́ ẹ bá fi irun hàn lórí ẹ̀ ńkọ́?"

"Á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, ará àdúgbò lè rí i."

"Kí ni wọ́n máa ń sọ?"

"Ohùn kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀. Á ní, 'A ti rí ọ.'"

Sìdíkátù dúró kí n tún sọ̀rọ̀. "Ó tán?"

"Ó tán."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín títí àpótí rẹ̀ fi ń dún. "Ìyàwó wa, ìwọ àti àwọn ọlọ́pàá lẹ jọ ń wo irun. Tèmi, ohùn èèyàn ló ń kún etí mi. Wọ́n á pariwo, wọ́n á kọrin, ẹni tí n kò mọ̀ rí á máa pè mí ní máè. Máè ni ìyá lọ́dọ̀ tiwọn."

Mo mọ ohun tó ń jẹ́ ìyá lọ́dọ̀ tiwọn. Mi ò ní kó túmọ̀ ẹ̀ fún mi.

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. Bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lóru àná ló ṣe sọ ọ́, ojú rẹ̀ wà lára òwú tó ń já. "Ọmọ́ladùn ti bí o. Obìnrin. Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ."

Ọwọ́ mi fà.

"Màmá," ni Sìdíkátù wí, ó di orí mú, "irun nìyẹn o, kì í ṣe ẹrù igi lẹ̀ ń dì."

Mo ní kó má bínú. Mo tú u, mo tún un dì. Ọmọ mi lóyún, ó gbé e, ó bí i, ẹnu Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ, láàárín ọ̀rọ̀ Íńdíà àti ti Kòríà. Mo wo Ojú rúsúrúsú yẹn lọ́rùn rẹ̀ tó sanra. Mo rò ó pé ọwọ́ mi ni ìbá fà á. Tí mi ò bá yẹ̀ fún un ni.

Láàárọ̀ yìí mo lọ sí yàrá rẹ̀. Ó ti jí, ó ti wẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ti fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn bí ẹni tó ń lọ síbi àríyá. Mo mọ ibi tó ń lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i. Láràárọ̀, kí n tó sọ pé ẹ káàárọ̀ tán, mo ti dìde. Tòní, mi ò dìde.

"Ìyàwó, kí ló dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní. "Mi ò ní wò ó. Ẹ kàn jẹ́ kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín, kí ẹ máa sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi. Bóyá ọmọ náà jọ bàbá Ọmọ́ladùn."

"Tí ẹnì kan bá rí ọ níbẹ̀, ó di yíyọjú nìyẹn. Ṣé o fẹ́ kí géètì ọjà tì mọ́ ẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Omi ń jáde lójú mi, mi ò pè é. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ọwọ́ lé mi léjìká bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tó bá kúnlẹ̀ fún wa, ó ń rò ó. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì ní kí n dìde.

Ni Ojú náà bá ké. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní èdè tiwọn, ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá tí wọ́n kọ́ ọ, ohùn rẹ̀ le, ó dún síta gbangba. "Àgbà obìnrin wà lórí orúnkún. Àgbà obìnrin ń sunkún. Ọwọ́ wà ní èjìká rẹ̀. Àgbà obìnrin, dìde."

Ojú ilẹ̀ wa mọ ìkúnlẹ̀, kì í kà á sí nǹkan kan. Ti Kòríà, mo gbọ́ pé wọ́n ń tẹ̀ba níbẹ̀, á yé e. Ṣùgbọ́n lójú ti Bràsílì, èèyàn kì í kúnlẹ̀ àfi níwájú Ọlọ́run tàbí níwájú ìbọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò sì jọ Ọlọ́run.

"Àgbà obìnrin, dìde," ó tún wí.

Mi ò dìde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín, torí Amójútó bi mí léèmejì, mi ò rí i ṣàlàyé. Kì í ṣe Ojú náà ni mo kúnlẹ̀ fún. Ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún kò tíì ní kí n dìde. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ti gan sójú kan, ẹnu rẹ̀ là, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà léjìká mi. Báyìí la wà tí àwọn èèyàn Amójútó fi wọlé bá wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ ti bá mi dé iwájú tábìlì.

Oòrùn ti sún kúrò láàárín fèrèsé, ó kù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ń wo gílóòbù dúdú yẹn. Orúkọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ta ni kò mọ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé? Mi ò kàn fi ẹnu mi pè é rí. Mo gbé e sórí ahọ́n mi wò, ẹnu mi ṣì wà ní pípadé. Kò wúwo. Tí mo bá la ẹnu báyìí, tó bọ́ sílẹ̀, tí iná sì tàn, ọmọ mi á di tèmi. Màá máa rí i láràárọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà á wá máa gbọ́ ẹ̀rín mi láti yàrá kejì. Ẹ wò ó, mi ò ní purọ́ fún yín. Ibi ẹ̀rín yẹn ló dùn mọ́ mi jù.

Mo la ẹnu.

Ojú tó wà nínú àwo ṣẹ́jú, ó tan ìmọ́lẹ̀. Ojú tó bá wà lọ́rùn, àfi tó bá rí ewu, etí ẹni tó ni ín nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Èyí tó bá wà nínú àwo, gbogbo yàrá ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ariwo èèyàn, ìlù, ẹkún ọmọ tuntun. Mo wá gbọ́ ohùn kan tó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi."

Ohùn rẹ̀ ti nípọn sí i. Ọmọ mi ni.

Amójútó na ọwọ́, ó yí àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí n má bàa rí i. Kò pa á. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wò mí. "Mà á, ẹ ò gbọ́dọ̀ wò ó," ó rọra wí. "Òfin ò ní kí ẹ di etí."

Mo di ìdí àga mú.

"Àǹtí mi ò yọjú lónìí," ni Ọmọ́ladùn ń wí. "Mi ò mọ ohun tó dá wọn dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá wa jí láràárọ̀, ẹ mọ ọwọ́ tí àǹtí mi ń gbé wá fún wa. Ọwọ́ tó ń fi òwú kó irun yẹn. Ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ fún un tipẹ́, mi ò lè sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé ta ló ni ín. Òfin tilé ò jẹ́ kí n rí ojú ẹni tí kò ní Ojú Bràsílì. Kò sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́. Màmá mi ló ni ọwọ́ yẹn. Àǹtí mi á gbé àpótí síwájú màmá mi, á jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí n lè rí i pé màmá mi ṣì wà."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ fún ara mi.

"Nítorí náà," ni ọmọ mi wí, "orúkọ àǹtí mi ni ọmọ yìí máa jẹ́."

Ó sì dárúkọ náà. Gbangba. Gílóòbù orí Agbọ́rọ̀ ṣẹ́jú, ó fẹ́ tàn, ó tún kú. Amójútó mi orí. "Kì í ṣe ẹnu yẹn ló ń dúró dè," ó ní. "Tiyín ni."

Àwọn kan á rò pé inú mi rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Kò rọ̀. Ó tún jó sí i. Gbogbo ọdún yẹn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọwọ́ mi, ẹlòmíràn ló ń gbọ́ ọ. Ó mọ̀, kò sọ. Mo mọ ìdí tí kò fi sọ, torí tí n bá mọ̀ ni, á di yíyọjú fún àwa méjèèjì. Ó dáàbò bò mí. Àní mo mọ̀. Ó ṣì jó mi. Ọwọ́ ni tèmi. Orúkọ ni tiẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ń jẹ́ orúkọ tí mi ò lè pè.

Ilẹ̀kùn ò tì dáadáa. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ńṣì. Mo gbọ́ tí igi bẹ́ńṣì ké lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe dìde.

"Ìyàwó," ó pè mí láti ìta.

"Ẹ̀n, mo ń gbọ́ yín."

"Dárúkọ mi."

Amójútó dìde láti lọ ti ilẹ̀kùn, ó tún dúró.

"Mo ní kó o dárúkọ mi. Ọmọ tìrẹ ni. Gba Ojú náà. Èmi ni mo ní kó o kúnlẹ̀, ṣé o gbọ́? Ọkọ ẹ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Mo yọ̀ǹda ẹ̀ fún ẹ."

"Wọ́n á sọ yín di Àìrí."

"Èmi tí mo tóbi tó báyìí? Ta ni ò ní rí mi?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já lágbedeméjì. "Pè é, ìyàwó. Oòrùn ń lọ."

Amójútó wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ kí n pè é. Gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀. Ẹni tó ni orúkọ ti yọ̀ǹda. Ẹni tó ni òfin ń retí. Ohùn ọmọ mi ṣì ń jáde láti inú àwo, ó ń kọrin fún ọmọ náà, orin tí mo kọ fún òun gan-an lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

Mo wá rí bó ṣe máa rí. Màá gbé okùn rúsúrúsú yẹn kọ́rùn. Màá rí ọmọ mi lọ́la. Ohun àkọ́kọ́ tó máa bi mí ni pé, àǹtí mi dà? Màá ní láti sọ fún un. Á sì sọ fún ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́n, pé ẹni tí o ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó fi Ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá mi, géètì ọjà tì mọ́ ọn, kò ráhùn. Wọ́n á tún pàtẹ́wọ́. Ó ti gba okùn lọ́wọ́ mi nínú àpò. Ó ti gba orúkọ. Ó tún fẹ́ gba èyí, kó jẹ́ òun náà ló máa ṣe oore tó tóbi jù, kí èmi máa jẹ ẹ́ ní gbèsè lójú ọmọ mi títí n ó fi kú.

Rárá o. Kò ní rí ìyẹn gbà.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, mà á?" ni Amójútó bi mí.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́," mo ní.

Gílóòbù ṣì dúdú.

"Kò mọ ìyẹn. Orúkọ wọn gan-an."

"Ohun tí mò ń pè wọ́n nìyẹn."

"Ìyàwó, má ya wèrè," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ó ti mọ ohun tí mò ń ṣe, inú sì ń bí i. Ẹ dárí jì mí, ó dùn mọ́ mi. "Ọdún kan ni wọ́n máa fọ́ tìẹ. Ṣé kó tún wá jẹ́ pé èmi ni mo fà á? Pè é."

Mi ò dá a lóhùn. Látìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, kò tíì sọ̀rọ̀ sí mi rí kí n má dá a lóhùn.

Ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú fèrèsé ò ju ìbú ọwọ́ lọ. Amójútó bá mi dúró dè é. Ó ti fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kì í ṣe bí Amójútó mọ́. "Mà á, ẹ má bínú. Ọmọ tuntun yìí ńkọ́? Orúkọ kan náà ló ń jẹ́. Kí lẹ máa wá máa pè é?"

Mo ti ní in. Mo ti rí i lẹ́yìn ojú mi, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe máa rí, bí orí rẹ̀ ṣe máa rí. Mo sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀, nínú ara mi, bí mo ṣe sọ ti àkọ́kọ́ lórúkọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò gbọ́ ọ. Ẹnì kankan ní Bràsílì ò pàtẹ́wọ́ fún un.

"Mà á?"

Oòrùn kúrò lójú fèrèsé. Lọ́rùn mi, Ojú ilẹ̀ wa sọ ọ́ sí mi létí, ohùn rẹ̀ kan náà, "A ti rí ọ," ó sì kú.

Amójútó tún bi mí. Mo wò ó. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí náà, tí ẹ ń dúró kí n kọ ọ́ síbí, ẹ gbé Ojú yín sọ́rùn kí ẹ máa lọ. Mi ò ní sọ ọ́.